Nọ́ńbà Kan Kò Tó fún Ọ́tísíìmù

Àríyànjiyàn kan ń lọ lọ́wọ́ láàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù kàn, ìyẹn àwọn dókítà, àwọn olùwádìí, àwọn òbí, àti àwọn tí wọ́n ní ọ́tísíìmù fúnra wọn. Mo fẹ́ sọ èrò tèmi nípa rẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, nítorí pé inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ́tísíìmù ni ipò ọpọlọ tí ó máa ń mú kí ó ṣòro fún ènìyàn láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ àti láti bá wọn lò, tí ìwà àṣetúnṣe àti àìfẹ́ ìyípadà sì máa ń bá a rìn. Ìbéèrè tí ó dá àríyànjiyàn náà sílẹ̀ ni pé, ṣé orúkọ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a fi pe gbogbo wọn, láti orí ẹni tí ó ń fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ títí dé orí ẹni tí kò lè dá wẹ̀, àbí ó yẹ kí a tún pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìnira wọn ṣe tó.

Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 14. Kì í sọ̀rọ̀, àfi ìró díẹ̀ tí àwa tí a ń bá a gbé mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ pé mọ́tò lè pa ènìyàn, a kì í sì í fi òun nìkan sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin, tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ ní Maryland ní Amẹ́ríkà, ti wà ní yunifásítì, ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ń yìn ín. Orúkọ kan náà ni àwọn dókítà kọ sínú ìwé àyẹ̀wò àwọn méjèèjì: autism spectrum disorder. Ohun tí ó fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn nínú ìwé náà kò ju nọ́ńbà lọ. Wọ́n kọ 3 sí ti ọmọ mi, wọ́n kọ 1 sí ti ọmọ àbúrò mi.

Ọ̀nà jíjìn ni a rìn kí a tó dé ìdí nọ́ńbà yìí. Ní ọdún 1943, Leo Kanner, dókítà ọpọlọ fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, kọ̀wé nípa ọmọ 11 tí wọn kì í fẹ́ da ara wọn pọ̀ mọ́ ènìyàn, tí wọ́n fẹ́ kí ohun gbogbo máa lọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lọ lánàá, tí àwọn kan nínú wọn kò sì sọ̀rọ̀ rárá. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Hans Asperger ní Vienna kọ̀wé nípa ọmọkùnrin mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ wọn já gaara bí ti àgbàlagbà ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí Kanner kọ ni gbogbo ènìyàn fi ń díwọ̀n. Lorna Wing, dókítà ọpọlọ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọbìnrin tirẹ̀ náà ní ọ́tísíìmù, ni ó wá fẹ ìwọ̀n náà lójú. Òun àti Judith Gould lọ wo àwọn ọmọ tí wọ́n nílò ìrànwọ́ ní Camberwell, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, àdúgbò tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí lónìí. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1979, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé àwọn ọmọ tí wọ́n ní irú ìnira yìí pọ̀ ju àwọn tí àpèjúwe Kanner bá mu lọ fíìfíì, àti pé ìnira náà ju oríṣi kan lọ. Ní 1981, Wing kan náà kọ àpilẹ̀kọ tí ó sọ orúkọ Asperger di mímọ̀ láàárín àwọn tí ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí yóò fi di 1994, orúkọ márùn-ún ti wà nínú DSM-IV, ìwé atọ́nà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde. Autistic disorder wà níbẹ̀, Asperger wà níbẹ̀, Rett wà níbẹ̀, orúkọ kan wà fún àwọn ọmọ tí wọ́n pàdánù ohun tí wọ́n ti mọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, PDD-NOS sì ni wọ́n ń fún ẹni tí kò bá èyíkéyìí nínú àwọn yòókù mu dáadáa.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ohun tí ó mú kí wọ́n pa àwọn orúkọ wọ̀nyẹn rẹ́, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń fẹ́ kí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ènìyàn sí ọ̀wọ́ sábà máa ń fò ó. Ní 2012, Catherine Lord àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ènìyàn tí ó lé ní 2,000 ṣe, láti ibùdó 12 tí wọ́n wà lábẹ́ yunifásítì. Irinṣẹ́ àyẹ̀wò kan náà ni gbogbo ibùdó náà lò, ògbóǹkangí sì ni àwọn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà. Síbẹ̀, ohun tí ó pinnu bóyá wọn yóò pe ènìyàn ní Asperger tàbí PDD-NOS tàbí autistic disorder, ju ìwà ẹni náà àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ni ibùdó tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òbí kan bá gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ibùdó kan lọ sí òmíràn, orúkọ mìíràn lè wà nínú ìwé tí yóò gbé bọ̀. Mo ti ka ìwádìí yẹn ní àkàtúnkà, mo sì gbà pé ó ṣòro fún dókítà olóòótọ́ láti máa bá àwọn orúkọ náà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí DSM-5, ẹ̀dà karùn-ún ìwé atọ́nà náà, jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, tí ó yọ Rett kúrò tí ó sì kó àwọn mẹ́rin yòókù sábẹ́ orúkọ kan, èmi kò bá àwọn tí ó ṣe é jà. Ó dun àwọn kan tí wọ́n ti fi Asperger mọ ara wọn, ó sì yé mi pé kì í dùn mọ́ni kí ìgbìmọ̀ kan gba orúkọ ẹni lọ́wọ́ ẹni. Àmọ́ ní 2018, òpìtàn Herwig Czech tẹ ẹ̀rí jáde láti inú àkọsílẹ̀ Vienna pé Asperger bá ètò ìjọba Nazi ṣiṣẹ́ pọ̀, ó sì wà lára àwọn tí ó fi ọmọ ránṣẹ́ sí Am Spiegelgrund, níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n kà sí aláàbọ̀ ara tàbí aláàbọ̀ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fúnra wọn ni wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìpele mẹ́ta ni DSM-5 fi dípò ohun tí ó pa rẹ́. Ìpele kìíní ni ti ẹni tí ó nílò ìrànwọ́, ìkejì ni ti ẹni tí ó nílò ìrànwọ́ púpọ̀, ìkẹta sì ni ti ẹni tí ó nílò ìrànwọ́ púpọ̀púpọ̀. Ohun méjì wà nínú ìwé náà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀. Ìwé náà fẹ́ kí dókítà díwọ̀n ìpele ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún bí ẹni náà ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tí ó sì ń bá wọn lò, lẹ́ẹ̀kan sí i fún ìwà àṣetúnṣe àti àìfẹ́ ìyípadà, nítorí náà ẹnì kan lè wà ní ìpele kìíní nínú ọ̀kan kí ó sì wà ní ìkẹta nínú èkejì. Lẹ́yìn náà, ìwé náà fi ẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ pé ìpele lè yí padà bí àsìkò bá yí tàbí bí ibi tí ènìyàn wà bá yí, àti pé kò yẹ kí a fi í pinnu ẹni tí yóò rí ìrànwọ́ gbà.

Gbogbo ìwé àyẹ̀wò tí àwọn òbí ti fi hàn mí, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n fi ń pín ìrànwọ́. Ní Ọsirélíà, ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní NDIS fi ọ́tísíìmù ìpele kejì àti ìkẹta sínú àkójọ àwọn tí ọ̀nà wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ là tán láti wọlé, ẹni tí ó wà ní ìpele kìíní sì gbọ́dọ̀ tún mú ẹ̀rí mìíràn wá. Dókítà tí ó jókòó níwájú ìyá tí ń sunkún mọ ohun tí ìyàtọ̀ láàárín 1 àti 2 yóò ná ìdílé yẹn, èmi kò sì rò pé ó tọ́ láti gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé e lórí. Níhìn-ín ní Ìbàdàn, níbi tí ìjọba kò ti fún wa ní owó kankan, ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo kọ̀wé sí ní kí n kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà ọmọ mi kí àwọn tó rí i. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọ́n ní kò sí àyè. Ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá ó lè tọ́ka sí àwòrán ohun tí ó fẹ́, bóyá ó lè jókòó ti ọmọ mìíràn, tàbí ohun tí ń bà á lẹ́rù.

Nọ́ńbà 1 náà ń ṣe ibi ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá yí yàrá ìdánwò padà láìsọ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu ọmọ àbúrò mi títí di alẹ́. Bí ariwo bá pọ̀ jù ní ilé ìtajà, á fi gbogbo ohun tí ó ti kó jọ sílẹ̀, á sì sá jáde. Òun náà ni àwọn ẹbí ń sọ fún pé kò jọ ẹni tí ó ní nǹkan kan, ọ́fíìsì tí ó yẹ kí ó ràn án lọ́wọ́ sì ti sọ irú rẹ̀ fún un rí. Ìwádìí kan tí ó jáde láti Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà ní 2019, tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ènìyàn 2,225 ṣe, fi hàn pé IQ, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n òye orí, kò lè sọ fún wa dáadáa bí ẹni tí ó ní ọ́tísíìmù yóò ṣe lè tọ́jú ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn tí IQ wọn kò ní àléébù gan-an ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù láàárín ohun tí orí wọn mọ̀ àti ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe. Àwọn olùwádìí náà sọ pé kí a fi ọ̀rọ̀ "high functioning", tí wọ́n fi ń pe àwọn tí wọ́n rò pé wọ́n lè dá nǹkan ṣe dáadáa, sílẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pátápátá.

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ká lára ti pínyà ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀, tí Catherine Lord kan náà àti Tony Charman jẹ́ alága rẹ̀, dábàá orúkọ kan, profound autism, tí èmi yóò máa pè ní ọ́tísíìmù jíjinlẹ̀. Ẹni tí ó tó ọmọ ọdún 8, ó kéré tán, ni wọ́n lè fún ní orúkọ náà, tí ó nílò kí àgbàlagbà wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ ní gbogbo wákàtí 24, tí IQ rẹ̀ kò tó 50, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kéré gan-an, tàbí méjèèjì. Ní 2023, àwọn olùwádìí tí wọ́n lo àkọsílẹ̀ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ìdènà àrùn, tẹ ìṣirò jáde pé nínú àwọn ọmọ ọdún 8 tí wọ́n ní ọ́tísíìmù, ìdá 26.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni àpèjúwe náà bá mu.

Alison Singer, olórí Autism Science Foundation, tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń jà fún orúkọ yìí. Autistic Self Advocacy Network, ẹgbẹ́ tí àwọn tí wọ́n ní ọ́tísíìmù dá sílẹ̀ ní 2006, kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ìnira kì í dúró sójú kan, pé ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lónìí lè rí ọ̀nà mìíràn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́la, àti pé bí a bá ya àwọn kan sọ́tọ̀, ìyàsọ́tọ̀ náà lè di àwíjàre fún títì wọ́n mọ́lé. N kò ka ẹ̀rù wọn sí asán. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti kó irú àwọn ọmọ wọ̀nyí pa mọ́ kò lè kà á sí asán.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, mo wà lẹ́yìn orúkọ náà, ohun tí ó sì mú mi wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìṣirò kan tí ó jáde ní 2019. Àwọn olùwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo àwọn ìwádìí tí ó wà nínú àwọn ìwé ìròyìn ọ́tísíìmù ní 2016, wọ́n sì rí i pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ní ọ́tísíìmù tí wọ́n kópa nínú wọn, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní ìṣòro òye. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí kò lè jókòó sínú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ọpọlọ, tí kò lè fọwọ́ kún ìwé ìbéèrè, tí kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún, a yọ ọ́ kúrò nínú ìwádìí náà, lẹ́yìn náà a wá sọ pé àbájáde rẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó ní ọ́tísíìmù. Ọmọ mi máa ń gbá ara rẹ̀ lórí. Oorun rẹ̀ kì í gùn, bí ó bá sì jí, gbogbo ilé ni ó jí. Warápá wọ̀ ọ́ nígbà tí ó ń bàlágà, bí ó ti ń ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Nígbà tí mo ń wá oògùn tàbí ọ̀nà ìtọ́jú tí wọ́n ti dán wò lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo ń rí ni ìwádìí lórí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré ní ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ rere ni, ọmọ àbúrò mi sì nílò rẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò béèrè lọ́wọ́ olùwádìí pé mélòó nínú àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ni o kà mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n òpó méjì tí wọ́n gbé orúkọ yìí lé, IQ àti ọ̀rọ̀ ẹnu, kò dúró dáadáa ní ilẹ̀ wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán ọmọ mi wò. Àwọn àwòrán tí wọ́n fi hàn án, ohun tí ó wà nínú ilé òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn, obìnrin tí ó sì ń bi í ní ìbéèrè sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà kì í gbọ́ nílé. Nínú èsì náà, wọ́n kọ ọ́ pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ yìí kan náà, bí màmá ọkọ mi bá ní kí ó lọ bá wọn mú abẹ̀bẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, yóò mú abẹ̀bẹ̀ wá. Bí wọ́n bá ń ki í ní oríkì rẹ̀, yóò wá jókòó ti ẹsẹ̀ wọn, bí wọ́n bá sì ṣi apá kan kì, yóò gbé ojú sókè wò wọ́n. Èwo ni kò gbọ́ nínú ìyẹn? Mo mọ àwọn òbí, níhìn-ín àti ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn elétò ìlera gbà níyànjú pé kí wọ́n má sọ Yorùbá sí ọmọ wọn mọ́ kí ọ̀rọ̀ lè tètè yọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn ọmọ elédè méjì tí wọ́n ní ọ́tísíìmù kò fi hàn pé èdè kejì ń pa wọ́n lára. Ọmọ tí a gba èdè ìyá rẹ̀ lẹ́tí rẹ̀, tí a sì fi èdè àjèjì dán an wò, yóò kùnà, ìkùnà náà yóò sì fi orúkọ tí ó wúwo jù lé e lórí.

Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ràn bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kọ tirẹ̀ nínú ICD-11, ìwé atọ́nà tirẹ̀ fún orúkọ àwọn àìsàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, ju bí DSM-5 ṣe kọ ọ́ lọ. Kò to ènìyàn sórí àkàbà láti 1 dé 3. Ó béèrè lọ́tọ̀ bóyá ìṣòro òye wà, ó sì tún béèrè lọ́tọ̀ bí ẹni náà ṣe lè lo èdè tó, yálà pẹ̀lú ẹnu tàbí pẹ̀lú ọwọ́.  Ó wù mí kí àwọn dókítà wa máa lo èyí, kí wọ́n sì máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní kíkún, dípò kí wọ́n fi lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán ránṣẹ́ sí olùkọ́ tí kò mọ ìtumọ̀ wọn.

Ìròyìn tuntun kan tún dé ní oṣù Keje ọdún 2025. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Princeton àti Flatiron Institute, ibùdó ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fi àkọsílẹ̀ ọmọ tí ó lé ní 5,000 ní Amẹ́ríkà pín ọ́tísíìmù sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, wọ́n sì rí i pé ohun tí ó wà nínú àbùdá ìran ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ọ̀wọ́ tí ìnira wọn pọ̀ jù ní gbogbo ọ̀nà jẹ́ nǹkan bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé ó lè má jẹ́ pé ohun kan náà ni ọmọ mi àti ọmọ àbúrò mi ní, tí ti ọmọ mi kàn pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ ohun mìíràn pátápátá, tí ó ti ibòmíràn wá. Kò tíì di ohun tí dókítà lè lò lórí tábìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dín ìgbẹ́kẹ̀lé tí mo ní nínú àkàbà kù sí i.

Ọmọ àbúrò mi kò bá mi fohùn ṣọ̀kan lórí ọ́tísíìmù jíjinlẹ̀, a sì ti sọ ọ́ lórí fóònù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Mọ́mì Ìbàdàn, bí wọ́n bá ti kọ orúkọ yẹn sínú ìwé rẹ̀, ta ni yóò tún bi í léèrè ohun tí ó fẹ́?" Mo dá a lóhùn pé nísinsìnyí pàápàá, kò sí ẹni tí ń bi í yàtọ̀ sí àwa tí a wà nílé. Ó ní ẹ̀rù ọjọ́ tí a kò bá sí nílé mọ́ ni ń ba òun.

N kò ní èsì sí ìyẹn, àfi kí n gba ohun tí ó béèrè wọlé. Bí ọmọ mi kò bá fẹ́ nǹkan, ẹ̀yìn ọwọ́ ni ó fi ń tì í. Bí ó bá fẹ́ ẹ, yóò fa ọwọ́ ẹni lé e lórí. Bí ibì kan bá ń dùn ún, yóò máa fi àgbọ̀n rẹ̀ lu èjìká. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ìwé kan ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, dókítà rẹ̀ sì gbà láti so ó mọ́ ìwé àyẹ̀wò. Àpèjúwe tí ìgbìmọ̀ Lancet kọ kò ní àyè tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ irú ohun bẹ́ẹ̀ sí: bí ẹni náà ṣe ń sọ pé òun fẹ́ tàbí òun kò fẹ́, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Lórí èyí ni ohùn èmi àti ọmọ àbúrò mi ti ṣọ̀kan, pé kí wọ́n fi àyè náà sí i kí orúkọ yẹn tó wọ ìwé atọ́nà èyíkéyìí.